Rìsíìtì Ọjọ́ Kẹtàdínlógún

Owó náà ti pòórá: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là, owó tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ta ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ Verna Haugen fi sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Oṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ fẹ̀yìn tì, àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n san owó náà sí.

Arvid Lindvall, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, jókòó sí ilé ìdáná Verna. Orúnkún ń dùn ún. Òun náà ń ka ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tirẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, Verna. Ẹ rọra."

"Oṣù kẹta ni Marcy, tó ń bá mi ṣírò owó orí, bá mi fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé mo ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pamọ́ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì fún ọdún tó kọjá, kí owó orí mi lè fúyẹ́. Mo ní n kò tíì san án. Ó ní kò burú, bó bá ti wọlé kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin tó kọjá. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, báńkì ò ní gbà á fún ọdún tó kọjá mọ́."

"Ta ló gbé e lọ?"

"Dale, àbúrò mi. Ọjọ́ kejìlá ni mo fún un pé kó gbé e fún Todd ní báńkì. Ó mú rìsíìtì wá, mo kàn fi í sínú Bíbélì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni báńkì sọ fún mi pé owó náà ò wọlé."

Arvid gbé rìsíìtì náà sókè. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni pé a gba owó náà fún ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Ilà dúdú tín-ín-rín kan gba etí òsì rẹ̀ wálẹ̀.

Ní báńkì, Todd mi orí. "Kò sí sẹ́ǹtì kan tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ bi Marcy, òun ló mọ ìwé kọ."

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, Marcy, tí ojú rẹ̀ ṣì wú nítorí àìsùn ìgbà owó orí, rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ẹ bi Todd nípa ọkọ̀ ojú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà."

Arvid padà sọ́dọ̀ Verna. Dale ti wà níbẹ̀, ó ń mu kọfí. Ìwé ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi wà lára fíríjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì Verna, nọ́ńbà orin mẹ́rin lórí ìwé ìsìn náà, ilà dúdú sì gba etí òsì rẹ̀ wálẹ̀.

"Dale, ta ló ń tẹ ìwé ìsìn?"

"Èmi ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ti gbó, sà."

"Mo rí ilà rẹ̀." Arvid tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì. "Marcy ò lè kọ ọjọ́ kẹtàdínlógún sí owó ọdún tó kọjá. Todd náà ò lè kọ ọ́. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló kọ ọ́."

Dale ti ife kọfí rẹ̀ tó ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ gan-an ni mo kọ síbẹ̀," ó sọ. "Rìsíìtì tí báńkì fún yín lọ́dún tó lọ ni mo wò kọ. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí mo jẹ ní gbèsè ń bọ̀ wá wọ́ katakata oko mi lọ. Mo rò pé n óò ti dá a padà kí ẹ tó fẹ̀yìn tì."

"O ò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni, Dale?"

"Ẹ kì bá ti fún mi."

"Ǹ bá fún ọ," ni Verna wí. "Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Arvid dìde, orúnkún rẹ̀ ké. Ó gbọ́dọ̀ mú Dale lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì wù ú.

Verna yọ fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lára fíríjì, ó ká a sí méjì, ó fi í sínú àpótí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló fi épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ padà sórí ìkọ́ ẹnu ọ̀nà; kò tíì ní fẹ̀yìn tì.

"Ẹ jẹ́ kí Dale mu kọfí gbígbóná kan kí ẹ tó máa lọ," ó sọ fún Arvid. "Ọ̀nà jìn."