Omi Kòkó Lọ́jọ́ Kẹfà Ààwẹ̀

"Ṣé àwọn tó ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀ náà ń retí àtidé ọ̀run?"

Jésùtófínmi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ọ dáadáa.

Olúwatóyọ̀sí ni ọ̀rẹ́ náà. Ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó ju oògùn méjì sẹ́nu, ó fi omi lé e. Ọgbẹ́ inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Jésùtófínmi gan-an ló sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìgbéraga a máa mú ènìyàn gbàgbé ohun tó mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oko kòkó ìyá Jésùtófínmi lọ́nà Atosin. Ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ ìkórè ni pẹ̀lú. Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Ìdànrè ní àṣà kan: ọ̀dọ́ tó bá fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ láìjẹ láìmu, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni yóò gbé agbélébùú ṣáájú ìjọ gun òkè àdúrà lọ́jọ́ Àìkú tó jẹ́ ọjọ́ keje. Orí òkè níbẹ̀ ni gbogbo ìjọ yóò ti ṣínu. Ọdún méjì léra wọn ni Jésùtófínmi ti gbé agbélébùú náà. Lọ́dún yìí, ọ̀dọ́ mọ́kànlá ló bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, àwọn mẹ́wàá ti jáwọ́, òun nìkan ló kù.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Bí ẹ bá rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nínú aṣọ àdúrà funfun, tí agbélébùú ìrókò wà léjìká rẹ̀, tí òkúta Ìdànrè sì ga lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kan sánmà, orí ẹ̀yin náà á wú. Orí Agatha ìyá rẹ̀ wú jù. Nínú takisí, a máa fi fọ́tò ọdún tó kọjá han àwọn èrò tí kò béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Agatha ń fi kùmọ̀ fọ́ kòkó, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì ń yọ kóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ Ìdànrè tó bá ń yọ kòkó, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ pé kó ju kóró kan sẹ́nu kó lá omi dídùn ara rẹ̀. Láti kékeré ni ọwọ́ ti mọ ọ̀nà ẹnu. Jésùtófínmi ń ròyìn bí òun yóò ṣe gun òkè lọ́la, ọwọ́ ń yọ kòkó, ẹnu ń sọ̀rọ̀. Lójijì ni adùn gba gbogbo ahọ́n rẹ̀. Kóró kòkó kan wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti gbé omi rẹ̀ mì.

Ó tu kóró náà sọ́wọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó wo Tóyọ̀sí, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Tóyọ̀sí gbójú sílẹ̀, ó ń yọ kòkó tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Alàgbà Fọlọ́runṣọ́, olórí ìjọ, dúró níwájú, ó ní, "Ọ̀dọ́ tí ààwẹ̀ rẹ̀ kò já, kó bọ́ síwájú."

Jésùtófínmi ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀. Omi kòkó lásán ni, kò sì mọ̀ọ́mọ̀. Bí ó bá jókòó sílẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ yóò sọ fáyé? Agatha ti ń mú fóònù jáde láti ya fọ́tò. Ọmọ náà dìde, ó lọ síwájú.

"Ààwẹ̀ mi kò já, Bàbá."

"Halelúyà," ni ìjọ dáhùn, ni wọ́n bá gbé agbélébùú lé e léjìká.

Ní agbedeméjì òkè, ìjọ dúró kí àwọn àgbàlagbà lè mí. Tóyọ̀sí, tó ru omi tí wọn yóò fi ṣínu, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí ni Jésùtófínmi kò lè fara dà.

"Kí ló dé tí o kò fi mí sùn?" ó béèrè kẹ́lẹ́.

"Mo rí i pé o kò mọ̀ọ́mọ̀ lá kòkó yẹn."

"Ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ láàárọ̀ yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Jésùtófínmi kò tilẹ̀ gun òkè tán. Ó gbé agbélébùú kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta gbígbóná, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn: ti kòkó, ti irọ́, àti ẹ̀gàn tó fi Tóyọ̀sí ṣe. Agatha fi gèlè bojú.

"Ẹ gba agbélébùú lọ́wọ́ rẹ̀, kò tọ́ sí i," ìyá àgbà kan sọ.

"Ta ló wá tọ́ sí?" Alàgbà béèrè.

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo dá àṣà yìí sílẹ̀. Mo rò pé yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìfaradà, n kò mọ̀ pé yóò kọ́ wọn láti máa wo ọmọnìkejì wọn tìkà-tẹ̀gbin. Mo ti sọ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run di owó iṣẹ́. Ẹni tó gbé agbélébùú nítorí wa, èwo nínú wa ni iṣẹ́ rere rẹ̀ mú un gbé e?" Ó yíjú sí Jésùtófínmi. "Dìde, ọmọ mi, gbé e."

"Kò tọ́ sí mi, Bàbá."

"Ìdí tí mo fi ní kí o gbé e nìyẹn."

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè bóyá ààwẹ̀ ti parí nínú ìjọ nìyẹn, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"A óò máa gbà á," ni Alàgbà wí. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ gbààwẹ̀ láti fi dúpẹ́, ẹ má gbà á láti fi ra ọ̀run."

"Tóyọ̀sí, jọ̀ọ́, má bínú sí mi," Jésùtófínmi bẹ̀ ẹ́.

"Gbé e ká máa lọ, òòrùn ń pa mí." Tóyọ̀sí ti gbé omi fún ẹlòmíràn, ó sì ti gbá ìdí agbélébùú mú.

Nígbà tí wọ́n dé òkè, tí gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wọn, Agatha ya fọ́tò.

"Mọ́mì, mi ò dójú tì yín?"

"O dójú tì mí nígbà tí o parọ́. Nígbà tí o jẹ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú ọ, orí mi wú ju ti ọdún méjèèjì lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ rere dára, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ ra ojú rere Ọlọ́run, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó fi iṣẹ́ tirẹ̀ gan ẹlòmíràn. Bí ẹ bá wọ takisí pẹ̀lú Agatha ní Ìdànrè, fọ́tò tuntun ni yóò fi hàn yín: ọmọbìnrin méjì lábẹ́ agbélébùú kan, ojú ọ̀kan ṣì tutù fún omijé. Yóò sọ gbogbo ìtàn náà fún yín, kò sì ní fo ti omi kòkó.