Ìjọba Wo Ló Ni Títì Yìí?

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ìyá Fẹ̀yìntọlá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ ní Langley Park, ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Màmá. Láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá ń bá ọmọ wọn gbé.

Ọ̀nà mẹ́fà ni ọkọ̀ ń gbà lórí títì iwájú ilé wọn. Iná tó ń darí ọkọ̀ ní kí ẹlẹ́sẹ̀ máa kọjá, Màmá sì bọ́ sójú títì. Wọn ò tíì kọjá ìdajì tí iná fi yí padà. Jíìpù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àpò ọwọ́ wọn lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ẹ̀ fọ́n sójú títì. Anna tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ ilé wọn ló sáré jáde, tó na ọwọ́ sókè sáwọn ọkọ̀, tó sì fa Màmá dé òdìkejì.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá jáde mọ́."

"Ṣé kí n wá jókòó bí adìyẹ inú àgò?"

Inú ń bí Oyèwálé, ọkọ Fẹ̀yìntọlá. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, nítorí iná yẹn! Wọ́n ní títì yẹn kì í ṣe tàwọn. Ààrẹ gan-an ni mo máa kọ̀wé sí báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Mobáyọ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn.

"Ẹ kú ewu, Màmá. Oyèwálé, wọn ò purọ́ fún ẹ o. Ní Ìbàdàn, ṣé gbogbo títì ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀?"

"Rárá, sà. Èyí tó lọ sí Èkó, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀."

"Níbí náà, oníkálukú ló ní tiẹ̀. Ṣé o ti rí pátákó funfun tó ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yín?"

"Ojoojúmọ́, sà."

"Ìpínlẹ̀ Maryland ló ń bójú tó títì tó bá ní in, àti iná orí ẹ̀. Títì kékeré ẹ̀yìn ilé yín, ti káńtì nìyẹn. Hyattsville, ìlú tó wà nítòsí wa, ní méyọ̀ tiẹ̀, ìyẹn olórí ìlú, ó sì ní àwọn títì tiẹ̀. Langley Park ò ní méyọ̀, abẹ́ káńtì ló wà."

"Ìjọba àpapọ̀ ńkọ́, sà?" Fẹ̀yìntọlá bèèrè.

"Wọ́n máa ń fi owó ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí títì. Àmọ́ Ààrẹ ò ní wá tún iná ṣe níwájú ilé yín."

Oyèwálé rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fẹ̀yìntọlá gbé aago dání lọ sídìí títì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ni iná ń fún ẹlẹ́sẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá máa ń lò. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Anna gbé e kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì títì ti ìpínlẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Annapolis, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì náà wá wo bí èèyàn ṣe ń sọdá. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kóun rìn fún wọn. "Ẹ má kán mi lójú o!"

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, iná náà ti ń fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ dá kọjá, wọ́n dé òdìkejì, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n sì kígbe sí ọmọ wọn: "Fẹ̀yìn, iná ò tíì yí padà, àkókò ṣì kù!"

Ẹ̀yin ará wa, tí nǹkan ìlú bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìjọba tó ni ín. Ìwé ìgbélùú wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Láísẹ́ńsì ọkọ̀, ìpínlẹ̀ ni. Ilé ìwé àwọn ọmọ, ọ̀dọ̀ káńtì ni kẹ́ ẹ lọ. Tí wọ́n bá ní kì í ṣe tàwọn, ẹ má kàn já fóònù. Ẹ bi wọ́n ta ló ni ín. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe aládùúgbò mọ́ra. Ẹni tí kò tíì lè dìbò náà lè kọ lẹ́tà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kóun kàn kì í pẹ́ níta.