Ọkọ̀ Funfun, Ọkọ̀ Dúdú

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún, ni aránṣọ ti kọ́kọ́ rí onígbàjámọ̀. Ọmọ onílùú ni obìnrin náà, àlejò ni ọkùnrin. Àìsàn ọ̀hún kò béèrè ibi tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni sí.

"Ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́ kan," ni onígbàjámọ̀ wí. "Obìnrin ló máa kọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ dókítà. Bí mo bá jẹ, ẹ ó rẹ́rìn-ín fún mi."

Obìnrin ló jáde. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá pàdánù á fọ abọ́, tàbí kó lọ aṣọ. Wọn kì í fi owó ta á, wọ́n wá ní kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ìyá aránṣọ kò fẹ́. "Ọmọ mi, a ò mọ ìyá ẹ̀, a ò mọ bàbá ẹ̀. Ìwọ náà ò sì tíì gbádùn. Ẹni tí odò ń gbé lọ ò lè yọ ẹlòmíì."

"Màmá, òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ìyá ò lè máa wo ẹkún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà, ó tún ra bàtà tuntun fún onígbàjámọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá ti wọ inú kóòtù lọ jókòó. Àwọn méjèèjì ṣì dúró níta, onígbàjámọ̀ ń làágùn.

"Olólùfẹ́ mi, ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Jẹ́ ká fi ọkọ̀ tó ń bọ̀ ta á. Bó bá jẹ́ funfun, ká wọlé. Bó bá jẹ́ dúdú, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ."

Ó yẹ kí aránṣọ gbá a létí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gbóná, àyà rẹ̀ ti ń lù kì-kì-kì, ó sì mọ adùn ọ̀hún dáadáa.

"Mo gbà."

Ọkọ̀ funfun ló yọ.

Onígbàjámọ̀ fò sókè, ó gbá a mọ́ra. Aránṣọ wo ojú rẹ̀. Ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ti ọjọ́ tí òun gbà láti fẹ́ ẹ lọ. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé inú tirẹ̀ náà ń dùn, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ.

Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àyànfẹ́ mi, máa lọ."

"Ṣebí a jẹ?"

"A jẹ. Lọ́jọ́ tá a bá bímọ ńkọ́? Ṣé òun la tún máa fi ta tẹ́tẹ́?"

Onígbàjámọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó ń sunkún.

Aránṣọ wọlé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ìyá tí kò fẹ́ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ bú sẹ́kún. Ojú aránṣọ gbẹ. Ó ti lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo títì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọkọ̀ tó kàn bá jẹ́ funfun, òun á jáde lọ pè é padà.