Fáìlì Kan Tó Lé Lókè

Irínwó ó lé méjìlá ni fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sókè. Irínwó ó lé mẹ́tàlá ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo kà wọ́n. Mo tún un kà. Mo ń fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà bí ọmọdé tó ń kọ́ ìṣirò. Ẹyọ kan ló lé.

Iṣẹ́ mi kò le. Ní yàrá ẹ́síréè ilé ìwòsàn wa, ayàwòrán á ya eegun aláìsàn. Tó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi á kó ẹ̀dà àwòrán ọjọ́ náà jọ, màá fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì wọ́n pa, kí olè tó bá jí wọn má rí nǹkan kan àfi jágbajàgba. Lẹ́yìn náà, ó di orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi ìpamọ́ tí ọ̀gá kọ̀ǹpútà wa ń pè ní kíláòdù, pẹ̀lú ohùn ẹni tó bá wọn dá a. Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ọ̀gá àgbà ní òun ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà rí òun mú tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọgbọ́n ọ̀gá nìyẹn.

Mo fa fáìlì àlejò yìí wálẹ̀, mo ṣí i. Ọrùn ọwọ́ tó kán ni, òrùka wà lórí ìka. Déètì ọ̀la ló wà lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rọ yìí náà ti ń mutí. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé bíríkìlà kan wọlé tó já bọ́ látorí àkàbà, ọwọ́ rẹ̀ wú débi pé òrùka ò ṣeé bọ́. Àwòrán rẹ̀ jáde, ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Ọwọ́ àná ni.

Ní agogo mẹ́rin, ẹyọ kan tún lé. Mi ò fẹ́ ṣí i, ọwọ́ mi ti ṣí i. Àyà ènìyàn ni lọ́tẹ̀ yìí. Kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró òsì bí onílé. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni ti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ó ti ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá. Èmi ni mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó lọ pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ọgbọ́n àgbọ́njù wá bá mi. Mo ní bí àwòrán bá lè ṣáájú àrùn dé, ẹni tó bá pa àwòrán rẹ́ ti rẹ́yìn àrùn nìyẹn. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú.

"Ó dá mi lójú ju ìwọ lọ," ni mo wí, mo sì pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Agùntáṣọọ́lò dé pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí wọ́n ya ibi tó dáa o. Mo ṣì ń wá ìyàwó."

"Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n fẹ́ yà. Ibẹ̀ gan-an lo ti burú jù."

Ayàwòrán yà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, irin ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń rí. Òun fúnra rẹ̀ kò hàn."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí n bẹ̀rù. Ṣebí kò sí kókó! Mo ní kí àbúrò mi máa lọ sílé. Ó juwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò wúkọ́ rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe ìyá wa.

"Màámi, ṣé Agùntáṣọọ́lò ti jẹun?"

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ má bá mi ṣeré o. Ọmọ yín."

Mo gbọ́ ṣíbí tó ń kan etí ìkòkò. "Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ yẹn ò ti pọ̀ jù fún ọ? Ìwọ nìkan ni mo bí."

Mo sáré ṣí àwòrán inú fóònù mi. Nínú èyí tí àwa méjèèjì jọ yà, mo na apá, mo dì mọ́ afẹ́fẹ́, mo sì fẹ eyín bí òmùgọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ká ọ̀gá kọ̀ǹpútà mọ́ ẹnu ọ̀nà, kó tó gbé báàgì kúrò léjìká. Mo bi í bóyá fáìlì tí mo pa rẹ́ lè padà.

"Ẹ̀yin náà, Mà! Mo ti so kíláòdù àti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lókè, á pa rẹ́ nísàlẹ̀."

"Ṣé ó lè padà?"

"Ọjọ́ méjì ló ń lò kó tó lọ pátápátá. Ẹ ní títí di agogo mẹ́rin òní. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ló máa padà o. Ẹ ò lè sọ pé ẹ fẹ́ apá kan, ẹ ò fẹ́ apá kan."

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Tí mo bá dá a padà, kókó á bá a wá. Tí mi ò bá dá a padà, kò ní sẹ́ni tó máa sunkún rẹ̀ láyé. Èmi nìkan tí mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ló ṣì rántí rẹ̀, èmi náà sì ti ń gbàgbé. Ní ọ̀sán, mo wá ohùn rẹ̀ nínú orí mi, mi ò rí i. Ní agogo mẹ́ta, mò ń wo orúkọ tí mo kọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń wo orúkọ aláìsàn tí kò mọ̀ rí.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo mẹ́rin lù nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì tó ń dá fáìlì padà.

Fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, ikọ́ sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wúkọ́, ó sinmi, ó tún wúkọ́. "Ayàwòrán ní àwòrán mi ti jáde. Ó ní kí n padà wá, kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò tíì rí i," ni mo wí.

Ikọ́ tún gbé e. Ikọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá padà sí i láyà ni; mo fi fóònù mọ́ etí, mò ń gbọ́ ọ, Ọlọ́run má bínú, inú mi sì ń dùn.