Ọ̀rọ̀ Tó Kù Nínú Ìwé Ògúnfúnmi

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ẹ̀rọ ń tẹ "tì" tí Olúbọ̀dé ò kọ. Lójú kọ̀ǹpútà, "Mo pa á" ló wà níbẹ̀. Bó bá jáde sórí pépà, á di "Mo pa á tì." Ibi "tì" yẹn á sì tutù, á máa rùn bíi tàdáwà àtijọ́.

"Olúbọ̀dé! Ṣé ìwọ lo fẹ́ tún ẹjọ́ yìí dá ni?"

Dókítà Ẹ̀rínọlá ju pépà náà sí i láyà. Òfin ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkukù. Olúbọ̀dé, tí ò ka ìwé girama tán, ló ń bá wọn tẹ̀wé. Ìwé tí Ògúnfúnmi, àgbẹ̀ Ìnísà, fi jẹ́wọ́ ìpànìyàn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn ní agogo méjì. Wọ́n ti yẹgi fún un kí Olúbọ̀dé tó dáyé.

"Bí ò bá jáde bó ṣe wà nínú fáìlì, má padà síbí mọ́."

Pẹ̀lú ìbínú ló fi sáré dé Ìkìrun, ó tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù míì. "Tì" náà ló tún jáde. Ó kù díẹ̀ kó bú sẹ́kún.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà, bàbá kan jókòó tì í. Àtàǹpàkò ẹ̀ dúdú, ó tutù.

"Ọmọ mi, kà á sí mi létí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka ni, ẹnikẹ́ni ò kà á fún mi."

Olúbọ̀dé rò pé arúgbó ló ń ṣe é. Ó fo "tì" náà. "Mo pa á."

"Ọ̀rọ̀ kan kù."

Olúbọ̀dé tún un kà. "Mo pa á... tì."

"Ẹ̀hẹ́n! Ejò ló bu ẹni tí wọ́n ní mo pa ṣán lóko. Mo pa á tì, mo sáré wá ẹni tó máa bá mi gbé e. Kí n tó dé, ó ti kú."

Bàbá náà tẹ̀ka sórí pépà. Nígbà tí wọ́n dé Ìnísà, àga ti ṣófo.

"Bọ̀dá," dírẹ́bà ní, "ta lẹ ń kàwé fún látàárọ̀? Àbí ẹ fẹ́ ṣèdánwò?"

Olúbọ̀dé dé Òkukù, ó ròyìn bàbá náà. Dókítà wo ìka tó wà lórí pépà, wọ́n wo ti inú fáìlì. Ìka kan náà ni. Wọ́n ṣí i dé ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ ọlọ́pàá tó kọ ìwé náà wà: Ọlánípẹ̀kun.

"Bàbá mi nìyẹn," wọ́n rọra wí. Dókítà kan náà tó ń kọ́ni lọ́dọọdún pé ká ka ìwé ìjẹ́wọ́ sí onítọ̀hún létí kó tó tẹ̀ka!

Wọ́n fa pépà náà ya. Lójú kọ̀ǹpútà pàápàá, "tì" ti dúró síbẹ̀ báyìí.

"Pa á rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá yẹn ní—"

"Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ yìí àbí o ò fẹ́?"

Olúbọ̀dé pa á rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ò bá a jiyàn: "Mo pa á." Ó mí kanlẹ̀. Àfi ìgbà tó wo ìsàlẹ̀ pépà. Níbi tí orúkọ Ọlánípẹ̀kun wà tẹ́lẹ̀, orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀, tàdáwà ẹ̀ ò tíì gbẹ.