Ọlọ Ìyàwó Lórí Káríà

Ọyẹ́ mú ní Ìlobùú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún. Ìkùukùu bo òrùlé páànù, gbogbo ìlú wá dà bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú oorun. Gàfárù jókòó ti Píjó àlòkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Lójú tirẹ̀, mọ́tò náà ti ń wọ Ìfọ́n, ẹrù ìyàwó Hàfúsátù àbúrò rẹ̀ ga fíofío lórí rẹ̀, gbogbo ayé sì ń pariwo pé, "Ẹ wò ó, ìyàwó tó lẹ́rù dé!"

Nítorí àlá yìí ló ṣe ra káríà, irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí mọ́tò láti fi kẹ́rù. Ara bọ́ọ̀sì ńlá ni wọ́n ti tú u. Ó fẹ̀ ju òrùlé Píjó lọ, ni Gàfárù bá ká àkísà há ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dúró, kí ọ̀dà mọ́tò má sì họ. Ọ̀gbẹ́ni ní iṣẹ́ parí!

Mọ́ríátù ìyá rẹ̀ gbé àpótí irin àti ọlọ tuntun jáde.

"Òkè ni kí o gbé ọlọ sí o. Ẹrù tí a bá tì sínú búùtù, ta ni yóò rí i? Ṣé kí wọ́n ní ọwọ́ òfo ni ọmọ mi gbé wọlé ọkọ ni?"

"Wọn ò ní rí bẹ́ẹ̀ sọ, Màámi." Gàfárù gbé ọlọ àti àpótí lé orí káríà.

Bí òun, Hàfúsátù àti àwọn ìyá tó ń sin ín ṣe ń jáde nílùú, wọ́n yà kí Ọ̀gá Oyèdìran, mẹkáníìkì. Gàfárù dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ bá wa yọ̀, a ń sin ìyàwó relé ọkọ."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó lérè." Bàbá náà fi ọwọ́ kan ti káríà. Káríà yọ̀ síwájú, gììì.

"Háà! Gàfárù, bí ẹ bá dé Ìfọ́n, àwọn wo ni yóò sọ̀ kalẹ̀ máa jó níwájú mọ́tò?"

"Àwọn ìyá ni, sà. Màámi ni yóò ṣáájú wọn."

"Bí ẹran bá kọjá, tí o tẹ bíréèkì lójijì, mọ́tò yóò dúró, ṣùgbọ́n ọlọ kò ní dúró. Orí ta ni yóò bọ́ lé?"

Gàfárù wo ìyá rẹ̀. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àlá àárọ̀ parẹ́ lójú Gàfárù. Ẹ̀rù bà á, ó bẹ Ọ̀gá pé kó bá òun tún un dè.

Oyèdìran tú káríà náà dànù. Ó gbé èyí tó bá Píjó mu wá láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí òrùlé lọ́tùn-ún lósì, ó sì fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Ọlọ àti àpótí irin wọ búùtù. Ẹní, tìmùtìmù àti abọ́ tánganran ló lọ sókè, wọ́n fi okùn dì wọ́n.

Mọ́ríátù fajú ro. "Ẹ ti gbé ọlọ ọmọ mi pamọ́!"

"Màámi, ẹ má bínú. Tí a bá débẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣí búùtù lójú gbogbo wọn."

Nígbà tí wọ́n wọ Ìfọ́n, ìkùukùu ò tíì ká, orin àwọn ìyá tó ti sọ̀ kalẹ̀ máa jó níwájú mọ́tò ń rọra dún nínú ìkùukùu náà bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Àfi bí àgùntàn kan ṣe já sọ́nà lójijì! Gàfárù tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró, ẹrù òkè kò mira. Mọ́ríátù ń jó lọ, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Alihamudulilahi," ni Gàfárù wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Káríà tó bá mọ́tò yín mu ni kí ẹ rà, ẹ má fi àkísà tàbí igi há a. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá yín dè é, tí ẹ bá sì rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ àti okùn ẹrù yẹ̀ wò. Ohun tó wúwo kì í ṣe ẹrù òkè, ẹ gbé e sínú búùtù. Ẹni tó ń jó níwájú mọ́tò yín kò ní ojú lẹ́yìn. Ẹ̀yin ni ojú rẹ̀.