Aró Tí Kò Tíì Jiná

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Akínsànyà gun kẹ̀kẹ́ wọ Agbo Ilé Àtijọ́, òógùn ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí ajá lé bọ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi figbe ta pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ọ̀la o! Ọ̀la ni àwọn ẹbí ń bọ̀, kì í ṣe Sátidé mọ́!"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bọ́láwùmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. "Bùrọ̀dá Akínsànyà, ọ̀la wo?"

"Ọ̀la tó ń bọ̀ lẹ́yìn òní. Àná ni Ìyáàfin Ọlábọ̀dé rán mi. Táyà ló bẹ́ mọ́ mi lábẹ́ ní Mọ́kọ́lá."

"Táyà bẹ́, ó dáa," Folúkẹ́, ọ̀rẹ́ Bọ́láwùmí, dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé òun náà bẹ́ ni?"

Àwọn ọmọ tó ń lọ àgbàdo lórí ọlọ bú sẹ́rìn-ín. Bọ́láwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìkòkò aró tí wọ́n fi ọmọrí bò.

Ní Agbowó ni Agbo Ilé Àtijọ́ wà, ní òdìkejì ọ̀nà yunifásítì. Àwọn olùkọ́ kan ló kọ́ ilé alámọ̀ olórùlé koríko yí àgbàlá kan ká níbẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú ńlá lè mọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé ayé. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn ọ̀dọ́ á wá gbé níbẹ̀ bí ará àtijọ́. Kò sí bàtà, kò sí ìṣáná, kò sí rédíò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ, àwọn ẹbí á dé láti àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti Bódìjà tuntun. Bàbá á máa gún iyán, ìyá á máa ran òwú, ọmọ á ri aṣọ bọ inú aró, á sì gbé e lọ sílé bí ẹni tó pa ẹran ìgbẹ́.

Ti Bọ́láwùmí ju eré ìsinmi lọ. Bàbá rẹ̀, ará Ṣakí tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè ní Dùgbẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ pé ìwé tó kà ti tó, kí ó wá iṣẹ́ ọwọ́ kan kọ́. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ọlábọ̀dé, tó ń darí agbo ilé náà, ti ṣèlérí pé ọmọbìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù lọ́jọ́ àwọn ẹbí ni òun yóò mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí òun ti ń kọ́ni, ọ̀fẹ́ ni yóò sì kà níbẹ̀. Bọ́láwùmí ti fi ojú inú wọ yunifọ́ọ̀mù náà títí ó fi mọ ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà.

Ìyá Mùtíátù ló ń kọ́ ọ ní aró, arúgbó kan láti Ìsẹ́yìn tí èékánná rẹ̀ ti dúdú láti ìgbà ọmọge. Lárààárọ̀ ni Ìyá máa ń ṣí ìkòkò, tí á ti ìka bọ inú aró, tí á sì fi kan ahọ́n. "Ojú lè parọ́ fún aláró," ni ó máa ń wí. "Ahọ́n kì í parọ́." Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí, ó sì bò ó padà.

"Àyọ̀ká," ni ó wí, nítorí oríkì ni ó fi ń pe Bọ́láwùmí, "àárọ̀ Sátidé ló máa jiná. Má ṣí i. Aró dà bí oyún, ọmọ mi, ẹnìkan kì í fi ìkánjú bí i." Lẹ́yìn náà ló gba àdúgbò Ṣàngó lọ, ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí òun tó dé.

Báyìí, ọjọ́ kejì ọ̀hún ni àlejò ń bọ̀.

Nígbà tí Akínsànyà ti lọ, Bọ́láwùmí ṣí ìkòkò. Ó ti àkísà funfun kan bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó nà án sí afẹ́fẹ́, ó sì dúró. Àkísà náà kò ṣe ju kí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀.

"Ó ti tán," ni ó wí. "Wọ́n á mú Fọláyọ̀ tó ń ran òwú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí."

Folúkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá mi ní sóódà nílé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ṣé o mọ̀ pé àwọn aláró kan nígboro ń lò ó? Tí o bá dà á sí i lónìí, aró yóò mú lónìí."

"Ìyá Mùtíátù kì í lo sóódà. Eérú ni wọ́n ń lò níbí, ti àtijọ́."

"Ta ló máa mọ̀? Ṣé sóódà ní ẹnu ni? Ìwọ jókòó síbẹ̀ kí o máa fọwọ́ lẹ́rán. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wàá máa kiri iyọ̀ ní Dùgbẹ̀, èmi á sì máa ná ọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Bọ́láwùmí mọ ohun tó tọ́. Kí a má purọ́, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Folúkẹ́ gbé ike sóódà dé kí oòrùn tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dà á sí ìkòkò, tó fi ọ̀pá rò ó. Kò sí èyí tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀kán kan ta sí ọrùn ọwọ́ Folúkẹ́, ó fò sókè, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ó ta mí bí agbọ́n!"

"Fi omi ṣan án, má pariwo."

Aṣọ tí Bọ́láwùmí rì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà jáde ní àwọ̀ ewé. Bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án, ó yí padà lójú wọn, ó dúdú, ó ń dán bí ìyẹ́ ẹtù. Bọ́láwùmí sá a sórí okùn. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ó tún ń rò ó pé òun yóò kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kan aró, ọ̀pá ni kí wọ́n lò. Ó rò pé òun ti ro gbogbo rẹ̀ tán.

Ní àárọ̀, mọ́tò kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn bàbá tú táì ọrùn wọn, wọ́n gbá ọmọ odó mú, odó kan yí, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́, iyán la fẹ́ jẹ, a ò fẹ́ jẹ iyẹ̀pẹ̀!" Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ti yí ìkòkò aró ká, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, Bọ́láwùmí sì ń pín ọ̀pá fún wọn.

Ibẹ̀ ni Ìyá Mùtíátù ti wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. "Ta ló ṣí aró mi?" Ó sì na ìka.

Ìgbà náà ni Bọ́láwùmí rántí. Ahọ́n! Ó ju ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, ẹ dú..."

Ìyáàfin Ọlábọ̀dé yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lo fẹ́ sọ, Bọ́láwùmí?"

Bọ́láwùmí wo ẹni tí yóò mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ó tó. Ìyá ti fi ìka kan ahọ́n.

Arúgbó náà gbọ̀n rìrì. Ó tutọ́, ó tún tutọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Ọmọdékùnrin kan ti ń na ọwọ́ sínú aró. Ìyá gbá ọwọ́ náà dànù, ó gbé ọmọrí bo ìkòkò, ó sì jókòó lé e lórí gbágbáágbá, ẹnu rẹ̀ ń wú, ó ń fi ọwọ́ lé gbogbo àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ tó gbá lọ́wọ́ fẹnu sígbe. Ìyá ọmọ náà fà á mọ́ra, ó ní, "Ẹ wo ìyá wèrè!"

Wọ́n gbé Ìyá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ń bomi fún un pé kí ó máa fi ṣan ẹnu. Ojú ti Ìyáàfin Ọlábọ̀dé níwájú àlejò. "Ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí," ni ó wí. "Àdìó, gbé mọ́tò. Tí wọ́n bá ti tọ́jú ẹnu rẹ̀ ní ọsibítù, kí o gbé e padà sí Ìsẹ́yìn." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí aṣọ tó wà lórí okùn. "Ta ló rẹ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dára púpọ̀. Bọ́láwùmí, ìwọ ni mo mú."

Folúkẹ́ fi ìgúnpá gún un. "Dákẹ́ o," ló sọ sí i létí. "O ti dé èbúté. Má ṣe fẹ̀yìn padà bọ́ sódò."

Bọ́láwùmí gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Ìyá ń di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ. Nígbà tó rí i, ó gbìyànjú, ó ń fi ahọ́n wíwú wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

"Àyọ̀ká... ọwọ́ mi ló ṣì. Eérú ni mo bù jù. Mo ti darúgbó." Ó na ọ̀pá aró sí i, ọ̀pá tó ti ń lò láti ìgbà ìyá rẹ̀. "Bá mi tọ́jú ìkòkò. Má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ."

Bọ́láwùmí wo ọ̀pá náà. Wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì kejì pé ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Ó há a sórí, ó sì gba máàkì lórí rẹ̀. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ohun tí òun fi ìkánjú mú, ahọ́n ẹlòmíràn ló bó, bí òun bá sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò máa bàjẹ́ lọ títí. Yunifọ́ọ̀mù tó ti ń fi ojú inú rí tún wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ta á lójú.

Ó kúnlẹ̀, kò gba ọ̀pá náà.

"Ìyá, ọwọ́ yín kò ṣì. Èmi ni mo da sóódà sínú aró yín, mo sì rí i nígbà tí ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò, mo dákẹ́, torí mo fẹ́ kí wọ́n mú mi. Mo ń lọ sọ ọ́ fún Ìyáàfin Ọlábọ̀dé báyìí, níwájú gbogbo àlejò. Ẹ tú ẹrù yín, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ máa padà wá sídìí ìkòkò yín; èmi ni n óò lọ."